Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Tábìlì Búlúù

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ pé mi ò fẹ́ràn ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń lọ sílé wọn, tí mo ń bá wọn jókòó, tí mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí mo sì ń bínú padà sílé mi. Aránṣọ ni mí. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé bí wọ́n bá rán aṣọ tán, kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá sì se oúnjẹ tán, kí wọ́n jẹ ẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ayàwòrán ni, oúnjẹ ló sì ń yà: búrẹ́dì, ẹyin, ọsàn, ẹja, ìrẹsì inú àwo, àwọn nǹkan tí gbogbo wa ń jẹ lójoojúmọ́ láì wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá sì fẹ́ yà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí yóò fi yà á tán.

Tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìgbàlejò wọn. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọ́n ká ìwé sábẹ́ rẹ̀ kó má bàa máa mì. Oúnjẹ tó bá wà nínú ìkòkò, ẹ bù ú. Èyí tó bá wà lórí àga, lórí ilẹ̀, lórí itan yín, ẹ jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n tó bá ti dórí tábìlì búlúù, ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́ ọ. Á jókòó tì í, á máa fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin, bí ẹnikẹ́ni bá sì nawọ́, á sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Má fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ò tíì wò ó tán." Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́ ọ títí wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ ọkùnrin náà. Bó bá ń kọjá, wọ́n á kí i pé, "Bàbá Má-Fọwọ́-Kàn-Án, ẹ káàárọ̀ o." Wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ní tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà, orúkọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún máa ń ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Nílé tiwọn, ojú ló ń jẹun, ẹnu ló ń tijú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ̀rín ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, pátákó ló ń kọ fáwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Onílé-oúnjẹ kan ní kó bá òun ya àwo ìrẹsì àti ẹran sí pátákó òun. Ó yà á dáadáa, àwọn tó ń kọjá ń gbé itọ́ mì. Àfi pé ó ya ṣíbí sáàárín ìrẹsì náà, ó sì ya ojú ibi tí wọ́n ti bù ú jẹ. Onílé-oúnjẹ ní, "Ta ló máa wá jẹ àjẹkù níbí? Kùn ún padà." Ó kọ̀, ó gbé pátákó rẹ̀, ó gbé àwo àti ṣíbí tó ń wò yà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé oúnjẹ fáwọn oníbàárà níbẹ̀ nígbà náà, òun ni wọ́n sì rán kó lọ gba àwo wá. Nígbà tó débẹ̀, ó bá a níwájú ìrẹsì tó ti gbẹ gan-an, kò jẹ ẹ́, kò dà á nù. Ó bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ò tíì wò ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó wo àwo, ó wo àwòrán, ó ní, "Ó tó." Ni wọ́n bá jọ jẹ ìrẹsì gbígbẹ náà. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn. Ìyá wa ní irú ọkọ wo lèyí tí ìyàwó ló máa sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Àwàdà ni ìyá wa ń ṣe, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí títí dópin. Ọkùnrin yẹn ò mọ ìgbà tí àwòrán tó. Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Á dìde láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, á dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, á wo tábìlì, á wo pátákó. Bó bá ní "Kò tó," ọkùnrin náà á máa bá a lọ. Bó bá ní "Ó tó," á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan agolo mílíìkì tó fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè jẹun. Wọ́n á jẹ ẹyin tó ti le, búrẹ́dì tó ti gan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ò fọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní yíya àwòrán, ó sì ń ya oúnjẹ ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó kàwé wá wo iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ìbànújẹ́ aráyé ló ń yà. Ó ní ẹyin lòun yà.

Mo lè rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìyẹn, àyàfi ọjọ́ kan. Oyún àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́fà, mo rìn nínú oòrùn wá sílé wọn, ebi ń pa mí débi pé òòyì ń kọ́ mi. Búrẹ́dì gbígbóná wà lórí tábìlì búlúù, wọ́n ti bu díẹ̀ nídìí rẹ̀, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Mo nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀, bọ́tà yẹn gan-an lọkọ òun ń lé bá kó tó yọ́ tán. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò mí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo sunkún jáde nítorí búrẹ́dì, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò sì fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo fi í sọ́kàn. Ẹ máa sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lóòótọ́, ó kàn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn ni.

Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, iyè ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rá. A kọ́kọ́ fi í ṣe ẹ̀rín nígbà tó fi iyọ̀ sínú tíì. Lẹ́yìn náà ló ṣìnà nínú òpópónà tó ti ń rìn láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Lẹ́yìn náà ló ń fi orúkọ ìyá wa pè mí. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú kòrókòró, ó ní, "Ẹ jókòó, baba. Ọkọ mi ò ní í pẹ́ dé." Ọkùnrin náà jókòó bí wọ́n ṣe ní kó jókòó. Mo wà níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

Gbogbo nǹkan ń kúrò lórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun kan péré ló wá kù: pé oúnjẹ tí ọkọ òun ò tíì wò tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Kò wá mọ tábìlì kan yàtọ̀ sí òmíràn mọ́. Ibikíbi tí a bá gbé àwo sí níwájú rẹ̀ ti di tábìlì búlúù. A kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ni ò wù ú. Oúnjẹ wù ú, mo rí bó ṣe ń gbé itọ́ mì. Á fi apá yí àwo ká, á máa lé eṣinṣin tí ò sí. Mo gbé àwo sí i lórí itan, ó gbé e bí ìgbà tí èèyàn ń báni gbọ́mọ. Mo fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ó pa ètè dé. "Má fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi ò tíì wò ó tán."

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyàwó, èmi rèé. Mo ti wò ó tán. Jẹun."

"Ẹ má bínú, baba. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wò ó."

Dókítà gbé e sórí ìwọ̀n, ó mi orí, ó ní bí kò bá jẹun, oṣù méjì ò ní í pé. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, àmọ́ èyí kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ní oògùn fún. Bí a ṣe délé, orí mi gbóná. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ló jáde. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ sọ èèyàn di olùṣọ́ oúnjẹ. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ló fẹ́ pa á yìí, ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ ti wò ó tán báyìí?"

Ọkùnrin náà dìde, ó mú pátákó kékeré kan, ó gbé ẹyin méjì àti búrẹ́dì sórí tábìlì búlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Tíì ò tíì tutù tán tó fi dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ò lè dá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ̀ mọ́, dìde láìsí ẹni tó pè é, ó lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo tábìlì. Ó wo pátákó. Ó ní, "Ó tó." Ọkùnrin náà kan agolo, kó, kó, kó, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó, ó jẹ ẹyin méjèèjì, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo fi aṣọ bo ẹnu, mo sunkún.

Bó ṣe di pé ó ń ya àwòrán lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nìyẹn. Kó tó jẹ tàárọ̀, àwòrán. Tọ̀sán, àwòrán. Tìrọ̀lẹ́, àwòrán. Nígbà tí pátákó tán, ó ń gé páálí yà sí, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì ti jẹun tán, á fi ọ̀dà funfun kùn ún bò kó lè tún un lò. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sílé wọn kí n lè máa se oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan tí ó rẹ ọkùnrin náà, mo gbọ́n ọgbọ́n tèmi, mo kàn fi búrọ́ọ̀ṣì kan agolo lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi wo páálí tó ṣófo, ó wò mí. "Àwòrán rẹ̀ dà?" Ojú tì mí bí ọmọdé tó jí ẹran.

Oṣù márùn-ún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, síbẹ̀ ẹyin tó ń yà wá ń dà bí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Kò tó." Ó tún un yà. "Kò tó, baba. Ẹ ń gbìyànjú o, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò ní í fi í sílẹ̀ báyìí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má bàa dun bàbá arúgbó náà. Oúnjẹ tutù. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun lọ́jọ́ kejì.

Èmi ni mo rántí àwọn àwòrán àtijọ́. Àwọn yòókù ti lọ sọ́wọ́ àwọn tó rà wọ́n, méje péré ló kù nílé. Mo gbé èyí tó ya ọsàn síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé ọsàn sórí tábìlì. Ó wo méjèèjì, ó ní, "Kì í ṣe èyí." Ó nàka: nínú àwòrán, èèpo ọsàn náà ò já, ó rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì, kóró méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ. Mo wò ó. Ó tọ̀nà. Èèyàn tí ò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Mo wá ronú pé, ìwọ aránṣọ, kí lò ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Àwọn oníbàárà ń mú fọ́tò wá, o ń gé aṣọ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Gé oúnjẹ bó ṣe wà nínú àwòrán. Mo bó ọsàn méjìlá kí n tó rí ọ̀kan tí èèpo rẹ̀ ò já. Mo fi ìdí abẹ́rẹ́ ti èérún búrẹ́dì sáyè rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà jókòó tì mí, ó ń darí mi: "Gbé e sọ́tùn-ún díẹ̀, àna mi. Ó pọ̀jù. Padà." Ìgbà tó kan ẹja, ó ní ojú ẹja náà gbọ́dọ̀ wo òkè. Mo ní ẹja tó ti kú ni, ibo ló tún fẹ́ wò? Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ogójì ọdún, a ò rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní í purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo àwòrán, ó ń wo àwo, ó ń ní, "Ó tó," ó sì ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹran padà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Mẹ́fà nínú àwòrán méje náà là ń lò, a ń yí wọn po. Ìkeje, èmi ni mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, mo ní kò wúlò. Búrẹ́dì oníbọ́tà yẹn ni. Mi ò fẹ́ rí i.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó wo ọsàn, ó wo àwòrán rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí, a ti jẹ ẹ́. Mo rántí." Kò jókòó. Ó ní òun yó. Lọ́jọ́ kejì, ẹja: ó ní a ti jẹ ẹ́, òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ ní, "Òótọ́ ni, òjò rọ̀." Mo yí ojú sí i bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ohun tí a ti ń fi ọdún mẹ́ta gbàdúrà fún ni pé kó rántí. Ó wá ń rántí. Ẹyin, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀pà inú abọ́ funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rántí pé òun ti jẹ wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń gbẹ.

Ó wá ku búrẹ́dì oníbọ́tà. Mo yí i padà láti ara ògiri. Mo ra búrẹ́dì gbígbóná, mo bu díẹ̀ nídìí rẹ̀ bó ṣe rí nínú àwòrán, mo fi bọ́tà lé e, bọ́tà ń yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn wa, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀.

"Ó tó," ló wí. Agolo dún, kó, kó, kó.

Ó jókòó. Ó fa àwo mọ́ra. Ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ìwé ìròyìn bò ó.

"Èyí kì í ṣe tèmi," ló wí. "Ti àbúrò mi ni. Ó lóyún, ebi ń pa á, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ó sunkún lọ. Mo fi í pamọ́ dè é, kò padà wá. Bí ẹ bá rí i lóde, ìyá, ẹ bá mi sọ fún un pé tirẹ̀ wà ńlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé. Mo ti dé. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ti yó."

Ó fọwọ́ kan ojú mi pẹ̀lẹ́. "Rárá o, ìyá. Àbúrò mi kéré sí yín."

Kò fi ohunkóhun kan ẹnu mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin náà ṣì ní òun á ya tuntun. Ó gbé ẹyin kan àti ègé búrẹ́dì kan sórí tábìlì, ó yà á láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì sùn lọ lórí àga níbi tó ti ń dúró dè é. Láti ibẹ̀ la ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dúró sílé ara mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó lọ kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin náà wà níwájú tábìlì búlúù, ẹyin àti ègé búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, búrẹ́dì ti bu, ẹyin ti ń rùn. Ó ń yà á lọ. Ọ̀dà orí pátákó náà ti nípọn tó àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo wo àwo, mo wo àwòrán. Mi ò mọ̀ nípa àwòrán, ṣùgbọ́n ẹyin tí mo rí níbẹ̀ dára.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó."

Kò wẹ̀yìn. "Kì í ṣe ìwọ ló ń sọ ọ́, àna mi."

Òórùn náà pọ̀. Mo ní kí n ṣáà bá a gbé àwo yẹn lọ dà nù, kí n fọ ilé, kí n se nǹkan gbígbóná fún un. Mo nawọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Mi ò tíì wò ó tán."

Eṣinṣin mẹ́ta wà lórí ẹyin náà. Mo fa àga ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó tì í, mo mú ìwé ìròyìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn.